Ẹ Dá Ọmọbìnrin Náà Padà Sí Kíláàsì

Bí ọmọbìnrin tó wà ní SS 2 bá fẹ́ra kù ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Àgbà ẹbí méjì mẹ́ta á mú un lọ sílé ẹni tó fún un lóyún: “Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ṣe o.” Àwọn yẹn á gbà, tàbí kí wọ́n jiyàn. Láti ọjọ́ náà, yunifọ́ọ̀mù di ohun à-ká-sábẹ́ àpótí. Tó bá bímọ tán, wọ́n á wá onídìrí tàbí aránṣọ kan fún un ní Òkè-Ajé. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Ó wà ní kíláàsì, ó ń múra WAEC.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka méjì ló jọ ṣẹ̀ níbí, ọ̀kan ṣoṣo la gé.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin òbí, ohun tí ẹ ń ṣe yìí ta ko òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 sọ ọ́ ní abala 15 pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ láǹfààní láti máa bá a lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin 2003 yẹn kan náà ka bíbá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀ sí ìfipábánilòpọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé géńdé ọkùnrin ló ṣe é, kí lẹ ń lọ fa ọmọ lé e lọ́wọ́ fún? Àgọ́ ọlọ́pàá lọ̀nà.

Wọ́n ní bí ọmọbìnrin náà bá padà, yóò ba àwọn yòókù jẹ́. Irọ́ ni! Ọmọ ọdún 16 tí igbe ìkókó kò jẹ́ kó sùn mọ́jú, tó sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà láàárọ̀, ta ni yóò wò ó tí yóò ní ó wu òun náà? Àwíjàre yìí ni ìjọba Sierra Leone fi lé àwọn aboyún kúrò nílé-ìwé ní 2015. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kejìlá 2019. Ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba náà fagi lé àṣẹ yẹn. Tanzania náà yí tirẹ̀ padà ní 2021. Tiwa tiẹ̀ burú ju tiwọn lọ lọ́nà kan. Ti ìjọba ni tiwọn, èèyàn rí ẹni pè lẹ́jọ́. Tiwa, ẹnu la fi ń lé ọmọ: “Kó lọ tọ́jú ara ẹ̀ ná.” Kò sì sẹ́ni tó ń wá a padà. Ilẹ̀ tó bí Stephen Awokoya, mínísítà tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, la ti ń ṣe èyí o.

Ta ni yóò wá tọ́jú ọmọ? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjẹ̀bú tó ń wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fara da òtútù fún oṣù mélòó kan kí ọmọ rẹ̀ lè padà síbi iṣẹ́, ṣé òun ni kò ní lè gbé ọmọ-ọmọ mọ́ra títí di aago méjì ọ̀sán nílé ara rẹ̀? Ti ibí kò tiẹ̀ gba físà. Bó bá ní ọjà ń dí òun lọ́wọ́, ṣebí ìyá ọmọ yìí gan-an ló pọ̀n sẹ́yìn tó fi ń ná ọjà nígbà náà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ṣẹ́. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ń jẹun dáadáa nílùú yìí, pàápàá bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi jẹ ọmọ níyà, ẹ má pè é níṣẹ́.

Bí ọmọbìnrin náà bá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, kí wọ́n má bi í léèrè ọkọ. Bí ojú bá ń tì í, tó fẹ́ ilé-ìwé mìíràn, kí wọ́n fún un níwèé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá béèrè. Ọ̀gá tó bá lé e, kí òbí gbé abala 15 yẹn tọ àwọn tó ń rí sí ẹ̀kọ́ lọ, kí ọ̀gá náà wá sọ ibi tó ti gbàṣẹ.