Òógùn Tí Kì í Ṣe Ti Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ó ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa fínra. Ọ̀rọ̀ òógùn àpọ̀jù ni. Kì í ṣe òógùn ẹni tó ń roko lọ́sàn-án gangan, tàbí ti ẹni tó há sínú dáńfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ni mo ní lọ́kàn. Òógùn tó ń ṣàn lábẹ́ fáànù ni mò ń wí, èyí tó ń kán sórí ìwé ìdánwò, tó sì ń mú kí ènìyàn ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Àwa Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún òógùn tó bá ti ara iṣẹ́ wá. Bí ẹnì kan bá kọ́lé, tó ní òógùn ojú òun ni òun fi kọ́ ọ, ìyìn ni a óò fún un. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí òógùn sì bò ó, ojú mìíràn ni a fi ń wò ó. Àwọn kan á ní ẹ̀rù ló ń bà á, àwọn kan á ní irọ́ ló ń pa, àwọn mìíràn á ní kì í wẹ̀ dáadáa. Nínú èdè wa, ìyàtọ̀ ohùn ló wà láàárín òógùn tó ń jáde lára àti oògùn tí a fi ń wo àìsàn. Láyé ẹni tí òógùn ń yọ lẹ́nu, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì a máa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí ó sọ ti àkọ́kọ́ fún ẹni tó lè fún un ní èkejì.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ mi ti máa ń tutù rinrin. Ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa Yorùbá, aṣọ ìnujú méjì ni mo máa ń mú wọ gbọ̀ngàn ìdánwò: ọ̀kan fún abẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé, èkejì fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá rin. Síbẹ̀, àmì ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ a máa yọ́ mọ́ra wọn kí olùkọ́ tó rí i. Ní báńkì kan tí mo ti lọ tẹ̀ka, ẹ̀rọ kọ ìka mi nígbà mẹ́ta, wọ́n sì ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi lè ríbi kọjá. Òwe wa ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí ẹ̀rù kankan kò bà mí. Ìyá bàbá mi, tó ta aṣọ òfì títí ó fi darúgbó, a máa fi pọ́dà ra ọwọ́ kí ó tó tú aṣọ fún oníbàárà. Ọjọ́ tí dókítà bi mí bóyá ó wà nínú ẹbí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ogún ni mo jẹ.

Kí ló ń fà á? Àwọn orísun òógùn kéékèèké tó wà nínú awọ ènìyàn tó mílíọ̀nù 2 sí 4, wọ́n sì pọ̀ gan-an ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti fi omi tu ara nígbà tí ooru bá mú, iṣan tó ń gbé àṣẹ wá láti ọpọlọ ló sì ń rán wọn níṣẹ́. Hyperhidrosis ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Kì í ṣe pé orísun òógùn ẹni tó ní i pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ; àṣẹ tó ń dé bá wọn ló pọ̀ jù. Kò sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nínú rẹ̀. Òógùn gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lórí awọ ló ń sọ òógùn abíyá di òórùn.

Oríṣi méjì ló wà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn kí a tó náwó. Èyí tí a ń bá wáyé a máa bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tàbí ní ìgbà ọ̀dọ́, kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 25. Ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì tàbí abíyá méjèèjì ló máa ń mú lọ́gbọọgba, ó sì máa ń dáwọ́ dúró bí ènìyàn bá ti sùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, tí gbogbo ara rẹ̀ ń làágùn, tàbí tí òógùn ń rin ibùsùn rẹ̀ lóru, kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ikọ́ ife, ibà, àìsàn thyroid ọrùn, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lára alátọ̀gbẹ, àti àwọn oògùn kan tí ènìyàn ń lò, gbogbo wọn ló lè mú ara làágùn. Bí ikọ́ àti rírù bá tún wà níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dọ̀la.

Àwọn dókítà ní ìwọ̀n kan tó rọrùn, tí ẹ lè fi wọn ara yín nísinsìnyí. Bí òógùn yín kì í bá hàn síta, tí kò sì dí yín lọ́wọ́ rárá, 1 ni. Bí ó bá ṣeé fara dà, tó ń dí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 2 ni. Bí agbára káká ni ẹ fi ń fara dà á, tó sì ń dí yín lọ́wọ́ léraléra, 3 ni. Bí kò bá ṣeé fara dà, tó ń dí yín lọ́wọ́ nígbà gbogbo, 4 ni. Ẹni tó bá wà ní 3 tàbí 4, tirẹ̀ le. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwọ̀n yìí ni pé kò béèrè iye ife omi tó ń jáde lára. Ohun tí òógùn gbà lọ́wọ́ ẹni ló béèrè. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Èyí tó rọrùn jù ni èyí tó ní aluminium chloride nínú, tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn bíi rólọ́ọ̀nù. Rólọ́ọ̀nù tí a kọ deodorant nìkan sí lára, òórùn ló ń bá jà. Èyí tí a kọ antiperspirant sí ló ń dí ojú òógùn. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, nítorí pé òwúrọ̀ ni wọ́n ń fi í para, nígbà tí òógùn ti ń múra àtijáde, tí yóò sì ṣàn án dànù. Alẹ́ ni àkókò rẹ̀. Ẹ nu ara gbẹ fínnífínní, ẹ fi í pa á nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Ẹ máa ṣe é lálaalẹ́ títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má fi í sí abíyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, yóò ta yín. Bí ó bá ń yún yín, ẹ fún un láàyè ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sì yé fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ara: bí oòrùn bá pa awọ tí omi rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó lè bó.

Abíyá mi gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ kò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé awọ àtẹ́lẹwọ́ nípọn. Fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní iontophoresis. A ó ki ọwọ́ bọ inú omi nínú abọ́, ẹ̀rọ yóò sì rán iná mànàmáná tí kò lágbára gba inú omi náà kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti gbẹ, a ó máa ṣe é lóòrèkóòrè kí ó má baà padà wá. Aboyún àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi wáyà iná ilé kan irú ẹ̀rọ yìí fúnra yín. Iná lè gbé ènìyàn.

Oògùn lílò wà pẹ̀lú, bíi oxybutynin, tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fún ènìyàn. Òun ni èmi ń lò báyìí. Ó ń mú kí ẹnu mi gbẹ, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbígbẹ tàbí kí ojú ṣe bàìbàì. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó ń dín òógùn gbogbo ara kù, ẹni tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn líle, kí ara má baà gbóná ju bó ti yẹ lọ. Abẹ́rẹ́ Botox tún wà. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún òógùn abíyá tó le. Agbára rẹ̀ a máa tó oṣù mélòó kan kí ó tó lọ, owó rẹ̀ kò kéré, ó sì ń dunni gan-an ní àtẹ́lẹwọ́.

Lókè téńté ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé iṣan tó ń gbé àṣẹ òógùn kọjá nínú àyà. Ọwọ́ a máa gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ tó ṣe é, òógùn tún gba ẹ̀yìn, ikùn àti itan jáde, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọkàn balẹ̀ pé a ó dá iṣan náà padà. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fò dé orí èyí láìgbìyànjú àwọn tó ṣáájú.

Ní ti ìgbé-ayé ojoojúmọ́, aṣọ òwú dára ju aṣọ oníke lọ. Òógùn kì í tètè hàn lára funfun àti dúdú bí í ṣe ń hàn lára àwọ̀ eérú. Ẹ ní bàtà méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí ẹ bá wọ èkejì. Ẹ kíyè sí ata àti kọfí, wọ́n lè dá kún un. Ìkíni wa pàápàá ń ràn wá lọ́wọ́: ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ kí àgbà, kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

Ní ọ̀dọ̀ tèmi, àtẹ́lẹwọ́ kò tíì gbẹ bí ti ẹlòmíràn. Láti 4 ni mo ti bọ́ sí 2, ìyẹn sì ti tó láti mú ìwé ẹlẹ́gẹ́ lọ́wọ́ láìdààmú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń làágùn, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ má sì sáré na aṣọ ìnujú sí i níwájú àlejò. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ilé ìwòsàn ìjọba ńláńlá bíi UCH n'Ìbàdàn ní àwọn dókítà awọ ara. Ẹ sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn, ibi tó ti ń jáde, bóyá ó ń dáwọ́ dúró lójú oorun, àti nọ́ńbà tí ẹ wà lórí ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.