Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Bóra, Ẹ Sá fún Ìda Gbígbóná

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn obìnrin wa àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù oge sọ̀rọ̀ lórí irun yíyọ tí wọ́n ń pè ní waxing. Wọn a yọ́ ìda lórí iná, wọn a fi igi pẹlẹbẹ pa á síbi tí irun wà, wọn a lẹ aṣọ mọ́ ọn, wọn a sì fà á lójijì, tòun tirun.

Èmi ò ní kí obìnrin má ṣe oge o. Ẹni tí irungbọ̀n ń dà láàmú lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìda kì í fa irun nìkan, ó ń ká díẹ̀ nínú awọ òkè pẹ̀lú. Ara tó le á gbà á. Ara tí ìpara ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ńkọ́? Ńṣe ni awọ á bá aṣọ lọ!

Ìyàwó ojú ọ̀nà ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Á fi ìpara ìbóra pa ojú fún oṣù mélòó kan, á tún lọ fa irun ojú nígbà tí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpara wọ̀nyí ni wọ́n lú oògùn bíi clobetasol mọ́, èyí tó ń jẹ awọ tán díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2023, NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ ìbóra ti di pàjáwìrì nílẹ̀ wa.

Kì í ṣe abóra nìkan ni mò ń bá wí. Ẹni tó ń fi tretinoin pa irorẹ́, àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ní kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 5 kó tó fa irun. Ẹni tó ń gbé isotretinoin mì, kó dúró di oṣù 6 lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Ibi tí eéwo, làpálàpá tàbí egbò bá wà, kí ìda má débẹ̀. Kí alátọ̀gbẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè ná, torí egbò rẹ̀ kì í tètè jiná. Àwa aláwọ̀ dúdú, ibi tó bá bó lára wa lè ṣú fún ọ̀pọ̀ oṣù, àpá ẹlòmíràn á tún wú.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó yọ́ ìda, ẹ bi oníbàárà pé, “Ìpara wo lẹ ń lò?” Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi í, kí ìtìjú má baà mú un purọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú kékeré, kẹ́ ẹ dúró di ọ̀la. Igi tó bá ti kan ara ènìyàn, ẹ má tún tì í bọ inú ìkòkò ìda, torí ó lè kó àrùn ran ẹlòmíràn.

Abóra tí kò lè ṣe kó má yọ irun, kó fi àlùmọ́gàjí gé e jẹ́jẹ́. Irun tá a gé lónìí á tún hù, ṣùgbọ́n wọn kì í ta ojú lọ́jà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Ọlọ́mọge, Ìbàdàn.