Sálúbàtà Òtútù Tí Kò Ní Yọ̀ Lórí Táìlì

Ẹ̀yin ará ilé wa, ọyẹ́ ti gbòde. A kò ní láti sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Jos, ní Bukuru tàbí lórí òkè Mambilla. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, bó bá sì di ìparí ọdún, òtútù òru ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kano àti Kaduna náà kì í gbẹ́yìn ní ìdájí. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé máa ń kó súwẹ́tà àtijọ́ jáde, tí wọ́n á fi rán sálúbàtà rírọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀ nínú ilé. Ó dára, ó sì dín owó kù. Ṣùgbọ́n sálúbàtà yẹn máa ń yọ̀ lórí táìlì, ọ̀rọ̀ yẹn la sì fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti àwọn ilé àtijọ́ kì í dán jù. Táìlì ń dán. Aṣọ rírọ̀ kò rí nǹkan dì mú lára rẹ̀, eruku ọyẹ́ tó bà lé e lóru sì ń ṣe bíi pọ́dà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ tún wá fi omi àlùwàlá tó kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ kún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣubú kó dìde, kó tún máa sáré lọ. Bó bá jẹ́ Màmá tó ti lé ní 70 ọdún, tí wọ́n wá láti ilé kí wọ́n lè bá yín tọ́jú ọmọ, eegun ìbàdí lè ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ oṣù lórí ibùsùn, ẹni tó ń dá rìn tẹ́lẹ̀ á wá máa dúró de ẹni tó máa gbé e lọ ilé ìgbẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ẹ tó ronú kan ìsàlẹ̀, ẹ wo aṣọ tí ẹ fẹ́ lò. Nínú òkìríkà, ẹ wá súwẹ́tà tí wọ́n kọ wool sára àmì ọrùn rẹ̀. Akirílíìkì kò ní ṣe é. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ máa pò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ yín. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ tíntìntín lára. Ooru, ọṣẹ àti pípò yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n há mọ́ ara wọn. Aṣọ náà á sún kì, á nípọn, bí ẹ bá sì fi àlùmọ́gàjí gé e kò ní máa tú. Ẹ jẹ́ kó sún kì tán pátápátá kí ẹ tó gé e. Bó bá tún sún kì lẹ́yìn tí ẹ ti fi rọ́bà sí i, rọ́bà kò ní bá a sún, sálúbàtà náà á ká sókè bí etí ajá.

Ohun tí àwa fẹ́ràn jù fún ìsàlẹ̀ ni túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́. Fọ́kanáísà àdúgbò á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó péréte. Ẹ là á, ẹ fi ọṣẹ fọ pọ́dà inú rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé sálúbàtà lé e, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, kí ó fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà kéré sí sálúbàtà yíká, kí etí rẹ̀ má baà yọ síta kó máa kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ojú tó máa kan aṣọ títí dídán rẹ̀ á fi lọ, torí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ohun tó ń dán.

Gọ́ọ̀mù tí ṣúmékà ń lò ni kí ẹ rà. Ẹ fi pa ara rọ́bà, ẹ fi pa ìsàlẹ̀ sálúbàtà, kí ẹ wá fi méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 10 sí 15. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí ẹ bá fi ìka kàn án tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì yá. Bó bá yá, ẹ rọra gbé wọn ko ara wọn dáadáa, nítorí kò ní ṣeé sún mọ́ bó bá ti kan ara wọn, kí ẹ sì fi hámà lù ú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tó yi rán etí rẹ̀ yíká. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á lè gbé e fún ṣúmékà tó ń kiri. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Gọ́ọ̀mù yìí tètè ń gbiná, òórùn rẹ̀ sì ń kọ lu orí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kó jìnnà sí ààrò àti sí ọmọdé, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ yìí.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rọ́bà lè lo sílíkọ́ọ̀nù tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé fi ń dí àlàfo. Ẹ kán an sí ìsàlẹ̀ sálúbàtà ní ìwọ̀n hóró ẹ̀wà, kí àárín ọ̀kan sí èkejì tó ìbú àtàǹpàkò, kí ẹ fi ìka tí ẹ ti rì bọ omi ọṣẹ tẹ orí wọn kó lè pẹlẹbẹ. Ó ń wọ inú irun aṣọ náà lọ, ibẹ̀ ló ti ń dì mú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí sílíkọ́ọ̀nù gbẹ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò sì ní ọ̀rinrin. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ wákàtí 24 sára rẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí ló wù wá jù fún ọmọdé, torí kò wúwo.

Awọ náà ṣeé lò. Kano kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ìlú tí awọ ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Yúróòpù láti ayébáyé, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco. Ẹ̀yìn awọ tí kò dán ni kó kọjú sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Rọ́bà tó di ilẹ̀ mú jù lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bí Bàbá bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, bóyá láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, iwájú sálúbàtà á kọ́ táìlì, ara á sì ṣáájú ẹsẹ̀ lọ. Fún irú wọn, ẹ jẹ́ kí rọ́bà parí síbi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí iwájú jẹ́ aṣọ lásán, kó sì ká sókè díẹ̀. Àwa ò sì fara mọ́ sálúbàtà tí kò ní ẹ̀yìn fún àgbàlagbà rárá, bó ti wù kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára tó. Gìgísẹ̀ tí kò rí ohun tó dì í mú máa ń jáde nínú bàtà. Ẹ rán ẹ̀yìn sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ wọn, nígbà tó máa ń wú díẹ̀, kó má baà fún wọn.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni wọ̀, ẹ dán an wò. Ẹ wá táìlì fífẹ̀ kan tó ṣẹ́kù, ẹ gbé sálúbàtà tí kò ní rọ́bà àti èyí tó ní in lé e, pẹ̀lú òkúta tó wúwo bákan náà nínú méjèèjì, kí ẹ máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan táìlì náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bí èyí tó ní rọ́bà kò bá fi púpọ̀ pẹ́ ju èkejì lọ kó tó yọ̀, ẹ fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi díẹ̀ lójú táìlì, ẹ ó sì rí ìdí tí a fi ń sọ pé sálúbàtà yìí kò gbọ́dọ̀ wọ bálùwẹ̀.

Omi tútù ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbòòji. Ẹ máa fi aṣọ tó lómi nu ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí rọ́bà tí eruku bò ń yọ̀ bí aṣọ ni. Bí ojú rọ́bà náà bá ti ń dán, pàápàá lábẹ́ gìgísẹ̀, ó ti tó àkókò láti tún lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà.