Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Họlidé Ìyá Ọlọ́jà ní Erékùṣù Málítà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ olówó létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní Ìlú Ọba. Wọ́n á ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. A ó lọ, a ó wẹ ọmọ, a ó se ọbẹ̀, a ó pọn ọmọ kiri ilé. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá wá fẹ́ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi ní erékùṣù kan lórí Òkun Mẹditaréníà, Ìyá ni yóò jókòó sílé. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ kórìíra ìyá wọn o. Ìwé ìrìnnà ni kò sí, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ títí ọjọ́ fi lọ.

Èrò tiwa nìyí: ìyá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sídìí ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, owó rẹ̀ kò sì ní láti pọ̀ bí a bá fi ọgbọ́n ọjà ṣètò rẹ̀. Ìkánjú ló ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn ju ìrìn-àjò fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Málítà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti mọ̀ ọ́n: òun ni Mẹ́lítà, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, bí ẹ bá gbọ́ èdè wọn, ẹ ó gbọ́ Lárúbáwá nínú rẹ̀. "Alla" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1964, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú èdè ìjọba wọn títí dòní, nítorí náà ẹnu ò ní kọ́ yín. Ìlú kékeré ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Owó yúrò ni wọ́n ń ná láti 2008.

Kí ló dé tí a fi ní ìgbà ìwọ́wé ni kí ẹ lọ? Ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Iye tí ẹ ń ra tòmátì nígbà ọ̀wọ́n kọ́ lẹ ń rà á nígbà ọ̀pọ̀. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, gbogbo òyìnbó ló ń wọ́ lọ sí etíkun, bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì á sì fowó lérí. Nígbà tó bá fi máa di òpin oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé, yàrá á ṣófo, onílé á wá máa wá oníbàárà. Ẹ sì mọ̀ pé omi tó ti gbóná lórí iná kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun wọn, ó ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá. Ooru ọ̀sán máa ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 24, nígbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Súwẹ́tà kan fún alẹ́ á tó yín.

Àmọ́ ká má purọ́ fúnra wa, ìgbà náà ni òjò wọn ń bẹ̀rẹ̀, ìjì sì lè jà. Àkókò ààwẹ̀ ti kọjá nígbà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù gbéra, ẹ sì mọ ibi tó já sí. Ẹ mú agbòjò dání, ẹ má sì fi ìrìn-àjò ojú omi sí ọjọ́ tí ẹ máa wọ bàálù padà.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín táàmù ilé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí oṣù kẹwàá. Gbogbo nǹkan ló ń wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé ìwé kò lè kàn mú un kúrò o. Láti oṣù kẹjọ 2024, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún òbí kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di 160. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì tó ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá tàbí inú oṣù kọkànlá ló dáa.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù la dé yìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Físà Ìlú Ọba kò lè gbé yín wọ Málítà. Físà Schengen ni Málítà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Ọmọ yín tó ní pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó lè wọlé láìsí físà, àmọ́ èyí tó ṣì ń lo ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á bíi tiyín, kódà bó ní ìwé ìgbélùú. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé ló ti yẹ kó béèrè físà yìí. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bá dúró títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù fi máa ń kábàámọ̀. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ láti oṣù kẹfà 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn ò bá fún yín. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ jù ọjọ́ 15. Ẹ ó ní ìwé adójútòfò tó lè gbé ìnáwó àìsàn tó tó yúrò 30,000. Kí pásípọ́ọ̀tù yín má tíì pé ọdún mẹ́wàá, kó sì ṣì ní oṣù mẹ́ta lórí lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ẹ rí i pẹ̀lú pé físà Ìlú Ọba yín ò ní kú kí ẹ tó padà. Físà ṣáájú, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. Ẹni bá yí i po ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ní ti bàálù, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú wà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún wọn bí ẹ ṣe ń ṣọ́ra fún oníkóńgò tó ń ti ìdí kóńgò wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì á rọ̀, owó báàgì á wá le. Ẹ wọn báàgì nílé, kó má ju bí wọ́n ṣe ní kó rí lọ. Bí ẹ bá ra bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, ẹ béèrè ìwé ATOL. Thomas Cook tó ti wà láti 1841 dojú dé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2019, àwọn oníbàárà tó lé ní 150,000 sì wà lẹ́yìn odi. Ìjọba ló kó wọn wálé, àwọn tó ní ìwé ATOL sì rí owó wọn gbà padà. Ẹ̀yin tí alájọ ti gbówó yín sá rí mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má gbé táàsì. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan á gbé yín fún wákàtí méjì. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń lọ sí Gozo láti Ċirkewwa kì í gba owó nígbà tí ẹ bá ń lọ, ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ ni ẹ ó san án. Ní Valletta, ọgbà Upper Barrakka kò gba kọ́bọ̀, ẹ ó sì rí wọn tí wọ́n ń yin àgbá níbẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán. Pastizzi ni kí ẹ máa fi panu. Wàrà ló wà nínú òmíràn, irú ẹ̀wà kan tí wọ́n gún ló wà nínú òmíràn, kò sì wọ́n.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ lọ sọ́jà ẹja ní Marsaxlokk. Ojú méjì ni wọ́n ń yà síwájú ọkọ̀ apẹja wọn. Ìgbà ìwọ́wé gan-an ni ìgbà ẹja tí wọ́n ń pè ní lampuki. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń mú un: wọ́n á so ó mọ́ ohun tó ń léfòó lójú òkun, ẹja á wá sábẹ́ ibòòji rẹ̀, wọ́n á wá fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja wa, ṣé ẹ rí i pé ọgbọ́n kò tán síbì kan?

Àwọn kan á ní, "Owó tí a lè fi kún ọjà lẹ ní ká fi lọ wo òkun?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó òwò, a ò sì sọ pé kó yá owó èlé. Ẹni tó bá yáwó lọ sinmi kò sinmi. Kí ọmọ san owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì, kí ìyá dá àjọ ọ̀tọ̀ fún físà àti owó ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá tó lọ́dún yìí, ẹ fi di ọdún tó ń bọ̀. Òkun ò ní gbẹ.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọmọ bá pè láti Lọ́ńdọ̀nù pé, "Màámi, ẹ máa bọ̀ o," kí ẹ tó béèrè oríṣi èlùbọ́ tó fẹ́, ẹ bi í léèrè pé, "Ṣé ẹ máa lọ họlidé lọ́dún yìí? Ṣé mo wà nínú ètò?" Ẹ bi í kí ẹ tó kúrò nílé.