A Mọ Ẹ̀wà Ní Ajégúnlẹ̀, Owó Rẹ̀ La Ò Ní

Sí Olóòtú,

Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, òǹkọ̀wé yín ní àìmọ̀kan ló ń jẹ́ kí àwa mẹ̀kúnnù Ajégúnlẹ̀ máa fi gàrí àti núdù dí ikùn, pé ìlanilọ́yẹ̀ la nílò. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà ń ṣara lóore? Ìṣirò àjọ NBS ti ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé láàárín Oṣù Kẹwàá 2023 sí Oṣù Kẹwàá 2024, owó ẹ̀wà fò sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2024 pé oúnjẹ aṣaralóore, èyí tó dínwó jù pàápàá, ń gba ohun tó lé ní ₦1,300 lójúmọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún tọkọtaya fún ọgbọ̀n ọjọ́: ó ti ju ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 náà pè ní owó oṣù tó kéré jù lọ. A ò tíì ka ọmọ mọ́ ọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ owó ilé.

Olówó ń ra ẹ̀wà ní àpò-àpò lọ́jà Mile 12. Agolo dẹ́ríkà kan làwa ń rà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ dẹ́ríkà ló wọ́n jù téèyàn bá ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Tòmátì tiwa sì rèé, ẹ̀ṣà tó ti ń ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀ láti òkè Ọya ni.

Bí òǹkọ̀wé yín bá ṣì fẹ́ la ẹnikẹ́ni lọ́yẹ̀, kó lọ bá àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ elérè oko lójú ọ̀nà, tí owó oúnjẹ fi ń ga sí i.

Òǹkàwé yín,
Ajégúnlẹ̀, Èkó.