Ọ̀RỌ̀ KAN, ÌTUMỌ̀ PÚPỌ̀: "BANK"

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìperu. Ọmọ ìlú wa, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè, ni ó dá Báńkì Agbọnmágbẹ sílẹ̀ ní 1945. Báńkì yìí ni ó di Wema ní 1969, òun náà ni ó gbé ALAT orí fóònù jáde ní 2017.

Ẹ tún orúkọ yẹn pè: Agbọnmágbẹ, omi tí a ń gbọn tí kì í gbẹ. Orúkọ tó yẹ odò ni wọ́n fi sọ ilé owó. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi "bank" pe bèbè odò, ó sì ń fi pe ilé ìfowópamọ́.

Àwọn onímọ̀ èdè ní orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, nínú èdè àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì: ohun tó ga sókè gbọọrọ bí ebè tàbí bí àga. Ti ebè gba ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di bèbè odò. Ti àga lọ sí Ítálì. Níbẹ̀, àwọn tó ń ṣẹ́ owó a máa jókòó ti bẹ́ǹṣì lọ́jà, "banca" ni wọ́n ń pè é. Bí gbèsè bá wó ẹnìkan nínú wọn, wọ́n a ní bẹ́ǹṣì rẹ̀ ti fọ́, "banca rotta". Ibẹ̀ ni "bankrupt" ti jáde. (Bẹ́ǹṣì kékeré ni ó bí "banquet", àsè ńlá!) Àwọn bàbá wa rí bẹ́ǹṣì tó fọ́: òfin báńkì dé ní 1952, nígbà tí yóò sì fi di 1954, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn báńkì tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ti wọlẹ̀. Agbọnmágbẹ wà lára ìwọ̀nba tó kù.

Ti ilé ìwòsàn kò pẹ́ rárá. Ní 1937 ni Dókítà Bernard Fantus ní Chicago pe ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí ní "blood bank".

Ẹ̀yin ògbufọ̀ inú ìjọ, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo ń bọ̀. Nínú Bíbélì King James, "bank" tó wà ní Jóṣúà 3:15 jẹ́ bèbè Jọ́dánì. Ní 2 Sámúẹ́lì 20:15, òkìtì erùpẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ogun Jóábù mọ ti ìlú Ábẹ́lì. Ní Lúùkù 19:23 nìkan ni ó ti jẹ́ ilé owó. Bí ògbufọ̀ bá fi ìkánjú sọ pé Jóábù kọ́ báńkì, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì gbàgbé. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé e lọ sílé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ti Lúùkù yẹn tún jinlẹ̀ sí i. Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, "trapeza" ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn tábìlì. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Mátíù 21:12 lò fún tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó, èyí tí Olúwa bì ṣubú nínú tẹ́ḿpìlì. Títí di òní, "trapeza" ni àwọn ará Gíríìsì ń pe báńkì.