Oòrùn Kọ́, Fáànù Kọ́: Ìwé Pẹlẹbẹ fún Àwọn Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Wọn Ń Gbóná

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fúnra wọn àti àwọn tí ń sanwó kí oníṣẹ́ bá wọn tò ó, láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ń bẹ lẹ́yìn ọjà ní ìlú tí kò lókìkí; ìgbàgbọ́ náà sì ni pé, bí kọ̀ǹpútà tuntun bá ń gbóná rékọjá bí ó ti yẹ, oòrùn ilẹ̀ wa ni ó ń bá a jà, fáànù tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sì ni oògùn rẹ̀. Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń gbà á gbọ́, ẹni tí ń ta fáànù kò sì ní la ẹnu rẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra kúlà lé kúlà, tí wọ́n ń ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n sì ń gbé fáànù onídùúró kọjú sí i tọ̀sántòru, síbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò tutù. Mo kọ ìwé yìí láti sọ láìfi epo bọyọ̀ pé ìgbàgbọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun méjì ni ó sábà máa ń mú kọ̀ǹpútà tuntun gbóná kọjá ààlà: yálà irin kúlà kò fara mọ́ pírósẹ́sọ̀ dáadáa, tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù ń bu iná fún pírósẹ́sọ̀ láìwọ̀n. Ẹni tí ó bá sì fi méjèèjì wọ̀nyí sílẹ̀ tí ó ń lépa fáànù, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ẹjọ́ oòrùn rò. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ wa gbóná, lóòótọ́ sì ni pé kò sí ẹ̀rọ kan tí yóò tutù ju yàrá tí a gbé e sí lọ nípa fáànù nìkan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣègbè. Ooru yàrá àti ooru pírósẹ́sọ̀ jọ ń gòkè ni: bí yàrá bá fi dígírì kan gbóná sí i, pírósẹ́sọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà yóò fi nǹkan bí dígírì kan gbóná sí i pẹ̀lú. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ nínú yàrá tí ó wà ní dígírì 20 ní London, kí ẹ sì gbé ìkejì rẹ̀ kalẹ̀ nínú yàrá tí ó wà ní dígírì 32 ní Ìbàdàn. Dígírì 12 ni ẹ̀bi tí a lè dì ru oòrùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ bí ti Ìbàdàn bá wà ní dígírì 85 nígbà tí olówó rẹ̀ kò tíì gbé iṣẹ́ kankan fún un, a jẹ́ pé, bí a tilẹ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí London, nǹkan bí dígírì 73 ni yóò ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín dígírì 30 sí 50 bí ó bá ń sinmi. Òtútù ìlú òyìnbó kò wò ó sàn. Àìsàn náà bá a rìnrìn àjò ni. Àwọn mìíràn a tún ka ẹ̀sùn sí eruku ọyẹ́ lẹ́sẹ̀; ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a tò lánàá, ọyẹ́ wo ni ó ti fẹ́ lù ú?

Ẹ jẹ́ kí a wá bi fáànù léèrè ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, abara-tín-ín-rín-ṣiṣẹ́-àrà, a-jẹ-iná-má-yó, a-ṣírò-àìlóǹkà-kí-olówó-rẹ̀-tó-ṣẹ́jú, gbogbo iná tí ó bá jẹ ni ó ń dà padà ní ooru. Bí ó ti wù kí a se ebòlò tó, kò ní ṣàìrùn ìgbẹ́. Ooru yìí ní láti jáde láti inú ègé sílíkónì, kí ó gba orí ìdérí irin tí ó bo sílíkónì náà, kí ó la ìpara tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste kọjá, kí ó tó dé ìsàlẹ̀ kúlà, kí ó sì gba ibẹ̀ gun àwọn abẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí. Ìgbà tí ó bá dé orí abẹ́ irin wọ̀nyí ni iṣẹ́ fáànù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé kan bá ní ẹnu-ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo tí èrò inú rẹ̀ sì ń ti ara wọn lu ara wọn láti jáde, bí onílé bá fẹ àgbàlá ìta lójú títí tí ó fi dé odò, kò ní mú kí èrò náà tètè jáde: ẹnu-ọ̀nà ni kí ó lọ tún ṣe. Nínú àwọn pírósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 ti ilé-iṣẹ́ AMD, ègé sílíkónì tí ń ṣe ìṣirò kò fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà onígun mẹ́rin 70 lọ, kò tó èékánná àtàńpàkò àgbàlagbà, síbẹ̀ orí ibi kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ooru ti ń wá ọ̀nà àbájáde. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó pààrọ̀ kúlà rẹ̀ sí èyí tí ó wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta kì í fi í rí ju dígírì díẹ̀ gbà padà, bí ìfarakanra ìsàlẹ̀ bá ṣì bàjẹ́.

Èwo ni ó ń ba ìfarakanra yìí jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tuntun? Èkíní ni ọ̀rá tín-ín-rín tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kúlà kí ó má baà ha, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kí a bó o kúrò kí a tó gbé e lé orí pírósẹ́sọ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó mọṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èkejì ni skúrù tí a fún ní ọwọ́ kan títí ó fi le, kí a tó rántí ti ọwọ́ kejì, tí kúlà sì ti fì sí apá kan. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèkàn oníke mẹ́rin tí ń bẹ lẹ́sẹ̀ kúlà tí ilé-iṣẹ́ Intel máa ń fi sínú páálí pírósẹ́sọ̀ rẹ̀, èyí tí ó gbọ́dọ̀ ró pàkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wọlé, kúlà náà yóò dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, ooru yóò sì há sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìpara. Bàbà ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tí ó ju 10,000 ti afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú irin tí a rò pé ó dán kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí, afẹ́fẹ́ sì ni ó ń gbé inú wọn. Ìpara ni ó ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Bí ó bá kéré, apá kan yóò wà ní gbígbẹ. Bí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, yóò ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kò ní fi ohunkóhun kún ìtutù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti àwọn tí ń lo kúlà olómi: ẹ̀rọ kékeré tí ń ti omi kiri inú rẹ̀ lè máa gba iná tí kò tó nítorí ibi tí a ti fi wáyà rẹ̀ bọ mọ́dábọ́ọ̀dù, omi yóò sì dúró sójú kan bí omi àmù, nígbà tí àwọn fáànù rẹ̀ ń yí fíofío tí olówó rẹ̀ sì rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Ẹ̀bi kejì, ti iná àpọ̀jù, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ rí. Pírósẹ́sọ̀ Intel Core i9-13900K tí ó jáde ní ọdún 2022, wáàtì 125 ni ó wà nínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kan náà gbà á láàyè láti jẹ wáàtì 253 bí iṣẹ́ bá le. Mọ́dábọ́ọ̀dù púpọ̀ sì ń bẹ tí àwọn tí ó ṣe wọ́n mú ìwọ̀n náà kúrò pátápátá láti ilé-iṣẹ́, kí ẹ̀rọ wọn lè ta yọ nínú ìdíje ìyára. Ẹni tí ó ra irú èyí kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ó ti gbé e dé ilé ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sí fáànù tí yóò parí ìjà yìí fún un. Inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí ń bẹ nínú mọ́dábọ́ọ̀dù, ni ìdájọ́ rẹ̀ wà: kí ó wọ ibẹ̀, kí ó sì dá ìwọ̀n iná padà sí èyí tí Intel kọ. Lọ́dọ̀ AMD, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Eco Mode, èyí tí ó lè mú Ryzen 9 7950X, oníwáàtì 170, wá sí ipò wáàtì 105 tàbí 65, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í sì í dín kù tó bí iná ti dín kù. Fún àwa tí ń fi ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ gbé ayé, èrè méjì ni èyí: kọ̀ǹpútà tutù, bátìrì sì tọ́jọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dìde sí mi, wọn yóò ní: ‘Ṣùgbọ́n dígírì 95 ti tó láti jó pírósẹ́sọ̀ di eérú.’ Ìbẹ̀rù yìí ní ìtàn. Ní ọdún 2001, ilé-ìròyìn Tom's Hardware gbé fídíò kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti yọ kúlà kúrò lórí àwọn pírósẹ́sọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Athlon ti AMD rú èéfín ó sì kú, ṣùgbọ́n Pentium 4 ti Intel dẹ ìrìn ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rù Athlon yẹn ni ó ṣì ń bá àwọn ènìyàn gbé títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ìjánu sínú pírósẹ́sọ̀ wọn, tí í máa dín ìyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bí ooru bá dé ẹnu ààlà, tí í sì í pa ẹ̀rọ bí ó bá rékọjá. Nígbà tí AMD gbé Ryzen 7000 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé dígírì 95 ni àwọn tí ó lágbára jù nínú wọn yóò máa lépa bí iṣẹ́ bá wúwo, àti pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe é. Nítorí náà, iye dígírì nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́. Dígírì 95 lábẹ́ iṣẹ́ tí ó le jù lọ lè jẹ́ àlàáfíà; dígírì 85 nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sinmi, àìsàn ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í dédé sáré ọ̀sán.

Àwọn mìíràn yóò tún rán mi létí àwọn pírósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège tí ó fi di ariwo ní ọdún 2024. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí, nítorí tèmi ni ẹ̀rí náà ń tì lẹ́yìn. Agbára iná tí ó ga ju bí ó ti yẹ, èyí tí àṣẹ inú pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ń béèrè fún, ni Intel tọ́ka sí pé ó ń jẹ wọ́n run. BIOS tuntun ni wọ́n fi dá a dúró, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìgbà tí ẹni tí ó rà á lè gba òmíràn. Àwọn tí ó ti bàjẹ́ kò gba ìwòsàn lọ́wọ́ fáànù kankan.

Báwo wá ni kí ọlọgbọ́n ṣe é? Kí ó kọ́kọ́ fi ohun èlò bíi HWiNFO wo dígírì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sinmi, lẹ́yìn tí ó ti rí i dájú pé kò sí iṣẹ́ kan tí ń lọ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó gbé iṣẹ́ wúwo fún un, kí ó sì ṣọ́ bí ooru ti ń gòkè. Bí ó bá fò láti dígírì 40 dé 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tí abẹ́ irin kúlà sì tutù nígbà tí a fi ọwọ́ kàn án, ìfarakanra ni ó bàjẹ́. Bí ó bá ń gùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ inú àpótí ni kò rí ọ̀nà lọ. Àpótí tí ẹ ń ṣí sílẹ̀ yẹn wúlò níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò: bí ooru bá wálẹ̀ gidigidi ní kété tí a ṣí i, ẹ lọ wo bí àwọn fáànù ti kọjú sí, nítorí iwájú ni kí afẹ́fẹ́ ti wọlé, ẹ̀yìn àti òkè sì ni kí ó gbà jáde, ojú tí egungun fáànù wà ni ó sábà máa ń fẹ́ sí. Bí kò bá yí padà, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tú kúlà, kí ẹ sì ka ojú ìpara: ibi tí kò bá fẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ déédéé ni kúlà kò ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọtí ìfọ̀nǹkan nu ojú méjèèjì mọ́ tónítóní, ẹ kán ìpara tí ó tó ẹ̀wà kan sí àárín, ẹ gbé kúlà lé e, kí ẹ sì máa fún skúrù díẹ̀díẹ̀ láti igun dé igun tí ó kọjú sí i, títí gbogbo wọn yóò fi le déédéé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ BIOS, ẹ fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó, kí ẹ sì wo ìwọ̀n iná. Bí gbogbo èyí bá ti pé tí kúlà náà kò sì lágbára tó ohun tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ, nígbà náà, tí kò sì yẹ kí ó ṣáájú ìgbà náà, ni kí ẹ lọ ra kúlà ńlá.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo bẹ ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ má ṣe gbowó fáànù lọ́wọ́ oníbàárà tí ọ̀rá ṣì wà lábẹ́ kúlà rẹ̀; mo sì bẹ ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó náwó kejì, ẹ ní kí oníṣẹ́ tú kúlà náà lójú yín, kí ó sì fi ojú ìpara hàn yín. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti tú u, ẹ má ṣe ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.